Kì Í Ṣe Rírù, Fífúyẹ́ Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí pé ilé ìwòsàn ni orísun rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé gírámà. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ìsanra ti di àìsàn sí lára ni, àwọn tí wọ́n gbé ara wọn lọ bá oníṣẹ́ abẹ pé kí ó bá wọn dín in kù. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a ó rí i pé ọ̀ràn èdè pọ̀ nínú rẹ̀. Èrò mi nìyí: oníṣẹ́ abẹ lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó pé, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí aláìsàn ṣáájú abẹ àti lẹ́yìn abẹ kò bá dára, ewu ṣì wà lórí ẹni náà. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń kí ara wa. Bí ènìyàn bá sanra díẹ̀ sí i ju bí a ti rí i kẹ́yìn lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ẹ ti sanra o! Ayé ń yẹ yín." Oríyìn ni. Bí ó bá sanra kọjá ibi tí ojú ń fẹ́, oríyìn náà yóò dópin, orúkọ yóò sì bẹ̀rẹ̀: orobo, wọ̀bìà, alájẹkì, ọ̀lẹ. Bí ara rẹ̀ bá wá dínkù, ìkáàánú ni yóò bá pàdé: "Háà, ẹ ti rù! Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìṣe náà, rù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n lásán. Ẹni tí ebi ń pa ni ó ń rù. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni ó ń rù. Ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ tí a kò fún ní ewé jẹ ni ó ń rù. Bí ó bá burú jù, a ó ní ó rù hangogo, tàbí ó rù kan eegun. Rù kì í gbé ìròyìn ayọ̀ wá. Òótọ́ ni pé a ní pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fi ń yin omidan, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń sọ bí ẹnì kan ti rí ni. Wọn kò sọ pé ó ti ibì kan dé ibì kan. Nítorí náà, ẹni tí ó sanra níwọ̀n, a ń yìn ín; ẹni tí ó sanra jù, a ń bú u; ẹni tí ara rẹ̀ dínkù, a ń káàánú rẹ̀. Níbo ni ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ dín ara rẹ̀ kù nítorí ìlera yóò dúró sí nínú èdè wa?

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ìsanrajù. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní BMI. A ó mú gíga ènìyàn ní mítà, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi èyí tí a bá rí pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò. Ìyá tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó sì wọn kílò 110, BMI rẹ̀ yóò jẹ́ 43. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka 25 títí dé 29.9 sí àpọ̀jù ìwọ̀n. Láti 30 sókè, ó di ìsanrajù. Ìṣirò yìí ní àbùkù, nítorí pé kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, ṣùgbọ́n òun ni ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ìlànà àjọ NICE ni NHS ń tẹ̀ lé. Ìlànà náà sọ pé a lè gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹ̀ wò fún ẹni tí BMI rẹ̀ tó 40, tàbí ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín 35 àti 39.9 bí ó bá ní àìsàn tí dídín ìwọ̀n kù lè mú sàn, irú bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọdún 2023, wọ́n ti fi kún un pé kí a dín òǹkà wọ̀nyí kù ní 2.5 fún àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà, Kàríbíà tàbí Áṣíà wá, nítorí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń tètè bá wọn ju bí òǹkà ti fi hàn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá tí ń gbé ní Peckham tàbí ní Manchester gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí BMI rẹ̀ jẹ́ 38 lè máa rò pé òun kò tíì tó ẹni tí wọn yóò dá lóhùn, nígbà tí ìlànà ti ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1966 ni Edward Mason àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní gastric bypass ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà. Nínú irú èyí, oníṣẹ́ abẹ a dá àpò kékeré kan sílẹ̀ ní orí àpòlúkù, a sì so ó mọ́ ìfun kékeré ní ìsàlẹ̀, kí oúnjẹ lè fo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Irú kejì ni wọ́n ń pè ní sleeve, èyí tí ó túmọ̀ sí ọwọ́ aṣọ. Wọn a gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò. Èyí tí ó kù a wá rí gbọọrọ bí ọwọ́ bùbá. Lóde òní, ihò kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń lu sí ikùn láti ṣe é, wọn kì í la ikùn gbọọrọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá yíjú sí ohun tí ojú aláìsàn ń rí. Àwọn tí ó ti la ọ̀nà yìí kọjá sábà máa ń sọ pé kí oníṣẹ́ abẹ tó la ẹnu rárá ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àga tí ó wà nínú yàrá ìdúró ní apá méjì, ìbàdí wọn kò sì gbà á. Aṣọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìfúnpá kò yí apá wọn po. Ẹ̀wù tí wọ́n ní kí wọ́n wọ̀ kò pàdé lẹ́yìn. Bí wọ́n bá wá wọlé tán, tí wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n, wọn a ní kí wọ́n lọ dín ara wọn kù. Bí wọ́n bá ní orí ń fọ́ wọn, èsì kan náà ni. Ẹni tí ó ti gbọ́ èsì yìí fún ogún ọdún, tí ó sì ti gbìyànjú rẹ̀ fún ogún ọdún, kò wá síbẹ̀ láti tún un gbọ́. Oníṣẹ́ abẹ tí aláìsàn kì í gbàgbé láéláé ni ẹni tí ó fa àga súnmọ́ ọn, tí ó sì béèrè pé, "Kí ni ojú yín ti rí?" kí ó tó béèrè pé, "Kílò mélòó ni yín?"

Àwọn oníṣègùn pàápàá ti rí àṣìṣe yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn ògbógi láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pa ohùn pọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine pé kí a dẹ́kun títẹ́ àwọn tí ó sanra, nítorí pé ẹ̀gàn náà ń ba ìlera jẹ́, èrò tí ó sì wà nídìí rẹ̀ kò bá ìmọ̀ mu. Èrò wo nìyẹn? Èrò pé ẹni tí ó sanra jù ni kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1999, Masayasu Kojima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàwárí èròjà kan tí wọ́n sọ ní ghrelin. Àpòlúkù ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi pe ebi. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi oúnjẹ du ara rẹ̀ títí ìwọ̀n rẹ̀ fi wálẹ̀, ghrelin rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, ara a máa jà láti padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Apá àpòlúkù tí ghrelin ti ń jáde jù lọ ni iṣẹ́ abẹ sleeve ń gé kúrò. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju wọ̀bìà lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ń pe ebi lé e lórí lọ́sàn-án àti lóru, tí a sì ń pè ní alájẹkì, ìyà méjì ni ó ń jẹ.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fetí sílẹ̀ jù lọ nìyí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Yorùbá tí ó lè ba gbogbo ìpàdé aláìsàn àti oníṣẹ́ abẹ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni inú. Inú ni oúnjẹ ń lọ. Inú ni oyún ń wà. Inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bàjẹ́. Ẹni rere ni a ń pè ní onínúure, ẹni tí kò ní sùúrù ni onínúfùfù. Ikùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà: a ń sọ pé oúnjẹ kún ikùn, a tún ń sọ pé aboyún gbé ikùn. Mo mọ ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ kí ó bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Yorùbá inú ilé ni ó gbọ́. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, dókítà ní àwọn máa gé inú yín kí ó lè kéré." Ìyá ní, "Gé inú mi kẹ̀? Ṣé ilé ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ gé? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Àtọ̀gbẹ kò sì dúró dè é títí ọ̀rọ̀ náà fi yé e.

Ta ni ó jẹ̀bi níbẹ̀? N kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi, ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó lò kò sí lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń lò ó létí rẹ̀. Ibi tí oúnjẹ ń balẹ̀ sí ní orúkọ tirẹ̀ ní Yorùbá, àpòlúkù ni. Ibi tí oyún ń wà náà ní tirẹ̀. Ilé ọmọ ni. Ìfun kékeré yàtọ̀ sí ìfun ńlá. Èdè wa kò tòṣì, àwa ni a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú àpótí. Ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ògbufọ̀ lọ́wọ́ NHS láìsan kọ́bọ̀. Kò yẹ kí a di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ lórí.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà, báyìí ni ǹ bá ṣe sọ ọ́: "Ẹ kú ìjókòó, mà. Oúnjẹ tí ẹ bá gbé mì máa ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú àpò kan tí à ń pè ní àpòlúkù. Àpò yẹn ni dókítà fẹ́ sọ di kékeré. Kò kan ilé ọmọ yín rárá. Ẹ ó máa tètè yó, ebi kò sì ní í máa pa yín bí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gé kúrò kò ní í hù padà. Ewu wà níbẹ̀, dókítà yóò sì sọ ọ́ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Oògùn aṣaralóore kan wà tí ẹ ó máa lò títí ọjọ́ ayé yín. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé yín, mà, ẹ dá wa dúró." Lẹ́yìn èyí, kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Bí ó bá sọ ọ́ bí ó ti yé e, nígbà náà ni ó tó lè ní òun gbà tàbí òun kọ̀. Ìfọwọ́síwèé tí kò ní òye nínú, ìtẹ̀ka lásán ni.

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn wa ní ìdí. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, Stella Ọbásanjọ́, aya Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú ní ilẹ̀ Spéìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ náà dá oníṣẹ́ abẹ tí ó ṣe é lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń da gbogbo iṣẹ́ abẹ tí ó bá kan ìsanra pọ̀ mọ́ ara wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Fífa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ wà fún ìrísí ara. Kì í wo àtọ̀gbẹ, a kì í sì í ṣe é fún ìsanrajù. Iṣẹ́ abẹ àpòlúkù wà fún ìlera. Ewu ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Nínú ìwádìí LABS tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009, nínú aláìsàn 4,776, àwọn tí ó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ bíi mẹ́ta nínú 1,000. Ní ọwọ́ kejì, ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní ọdún 1987 fi hàn ní ọdún 2007 pé àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò kú tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é. Oníṣẹ́ abẹ tí ó bá sọ èyí àkọ́kọ́, kí ó sọ èkejì. Ẹni tí ó bá sọ èkejì nìkan, ọjà ni ó ń tà.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn abẹ wá ju abẹ lọ. Ẹni tí ó ń jẹ òkèlè iyán ńlá tẹ́lẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ níwájú àwo tí kò ju ti ọmọdé lọ. Ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà ni yóò kọ́kọ́ jẹ, oúnjẹ líle yóò tẹ̀ lé e bí ààyè bá ṣẹ́ kù. Yóò jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná, kò sì ní í da omi lé oúnjẹ. Bí ó bá mu ohun dídùn lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá ẹni tí ó ṣe bypass, òógùn lè bò ó, àyà rẹ̀ lè máa lù kìkì, òòyì sì lè kọ́ ọ. Yóò máa lo fítámì, áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù, wọn yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Obìnrin tí ó fẹ́ bímọ, wọn yóò ní kí ó dúró tó ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀.

Ní ilé wa, oúnjẹ ni a fi ń ṣe àlejò. Ẹ fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òde ìyàwó, tí ìyá ìyàwó gbé ìrẹsì àti àmàlà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ó jẹ ṣíbí mẹ́rin, tí ó dúró. "Ṣé oúnjẹ wa kò dùn ni? Àbí ẹ ń bínú sí wa?" Kí ó tó fèsì, ẹlòmíràn ti sọ ọ́: "Ẹ wò bí ẹ ti rù! Àìsàn wo ni ẹ ń fi pamọ́ fún wa?" Tí ẹ̀yìn bá yí, àwọn kan yóò máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àìsàn tí kò gbóògùn ni.

Kí ni ẹni náà yóò ṣe? Yóò purọ́. Yóò ní ààwẹ̀ ni òun gbà. Yóò ní ìrìn ni òun ń rìn láràárọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ewu tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ṣe gastric bypass kò gbọdọ̀ máa lo ibuprofen àti àwọn oògùn ìrora bíi tirẹ̀, nítorí pé ó lè dá egbò sí ibi tí wọ́n so mọ́ ara wọn nínú. Bí orí bá ń fọ́ ọ ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ẹ̀gbọ́n náà kò mọ nǹkan kan, irú oògùn náà ni yóò fún un, ìfẹ́ ni yóò sì fi fún un. Bí èébì bá ń gbé e lemọ́lemọ́, aládùúgbò yóò ní ibà ni, nígbà tí ó jẹ́ pé fítámì B1 ń tán lára rẹ̀, tí iṣan ara rẹ̀ sì lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Dókítà tí kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un yóò máa wá àìsàn sí ibi tí kò sí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ kò ṣe é kó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a sọ ní òde ìyàwó ni ó lé e wọ inú àṣírí, àṣírí ni ó sì fẹ́ pa á.

Àwọn kan yóò ní, "Kí ló dé tí kò fi pa ẹnu mọ́, tí kò gba ààwẹ̀?" Mo ti dáhùn èyí lókè. Àwọn mìíràn yóò ní abẹ́rẹ́ tuntun ti dé, kí ni a tún ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ? Lóòótọ́ ni, láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Wegovy fún ìsanrajù ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí ìrànwọ́ gbà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé bí a bá dá a dúró, ìwọ̀n tí ó lọ sábà máa ń padà. Abẹ́rẹ́ ni o, abẹ ni o, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ kò yí padà: ẹni tí ara rẹ̀ dínkù yóò padà sí àárín wa, àwa ni yóò sì pàdé.

Àwọn kẹta yóò ní kí a má tìtorí ìṣègùn òyìnbó yí èdè bàbá wa padà. Èmi kò ní kí a yí i padà; mo ní kí a lò ó dáadáa ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Rù ni kí ẹran ara gbẹ. Rù náà ni kí ènìyàn gbé ẹrù lé orí. Ohùn kan náà ni, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹni tí ó fi kílò 110 gun àtẹ̀gùn fún ogún ọdún, ẹrù ni ó rù. Ní ọjọ́ tí ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, a ní ó rù. Rárá o. Ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fúyẹ́ ni. Fúyẹ́ ti wà nínú èdè wa tipẹ́. Kò mú ìkáàánú dání, kò sì mú ẹ̀gàn dání. "Ẹ ti fúyẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ara." Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò fẹ́ sá pamọ́? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a máa pe àìsàn náà ní ìsanrajù, kí a fi orobo sílẹ̀ fún ojú ìgboro. Kí a máa pe iṣẹ́ abẹ náà ní iṣẹ́ abẹ àpòlúkù, kí a má pè é ní gígé inú. Bí kò bá sì sí ìdí láti mẹ́nu kan ara ẹlòmíràn rárá, kí a béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó tó.

Ẹni tí ó bá ń gbèrò àtilọ bá oníṣẹ́ abẹ, yálà nílé tàbí ní òkè òkun, ẹ jẹ́ kí ó mú ìbéèrè wọ̀nyí lọ, kí ó sì béèrè wọn ní èdè tí ó gbọ́ jù:

1. Irú iṣẹ́ abẹ wo ni ẹ fẹ́ ṣe fún mi, èé sì ti ṣe tí ẹ fi yan èyí?
2. Irú rẹ̀ mélòó ni ẹ ti ṣe, kí sì ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò bọ́ sí i fún?
3. Ta ni n ó máa rí lẹ́yìn rẹ̀? NICE ní kí ilé ìwòsàn tí ó ṣe é máa bójú tó aláìsàn fún ọdún méjì, ó kéré tán. Bí mo bá ti òkè òkun padà sí Èkó, ta ni yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò?
4. Oògùn wo ni n kò gbọdọ̀ lò mọ́?
5. Ṣé ẹ lè kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe sínú ìwé fún mi, kí n lè fi han dókítà mìíràn?

Oníṣẹ́ abẹ tí inú bá ń bí nítorí ìbéèrè márùn-ún yìí, kí aláìsàn dìde kí ó wá ẹlòmíràn lọ. Bí abẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ náà nílò ohun tí aláìsàn nìkan mọ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè pé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà ní orúkọ tí wọ́n mọ̀ fún ẹ̀yà ara tí ó wà nínú ikùn. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí yín tí ara rẹ̀ ti dínkù ní ọdún yìí, ẹ kí i pé ó kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bu oúnjẹ ìwọ̀nba fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ èyí tí ó bá fẹ́ sọ.

Ire o.